Awùsá Ìyá Àgbà, Lọ́dún Tí Wọ́n Fẹ́ Gé E

Àṣàkẹ́ Múnírátù, ọmọ Ẹ̀ṣọ́ Ìkòyí, ọmọ àwọn tí ọ̀tá kò rí ẹ̀yìn wọn rí. Àṣàkẹ́ a-jí-gbálẹ̀-kí-àkùkọ-tó-kọ. Àṣàkẹ́ aya Ìṣọ̀lá, ìyá Rájí tó bí mi, obìnrin gíga tí kì í pariwo. Bó bá fẹ́ bá ọ wí, ńṣe ni yóò sún mọ́ ọ títí wàá fi gbóòórùn aáṣáà lára rẹ̀, yóò wá sọ ọ́ jẹ́jẹ́. Ìyá bàbá mi ni. Mo kọ́kọ́ kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ nítorí pé Lámídì àbúrò mi, tó kú nígbà ọyẹ́ tó kọjá yìí, ló kẹ́yìn nínú àwọn tó lè bá mi rántí rẹ̀. Láti ọjọ́ tí a ti sin Lámídì ni ọkàn mi kò ti balẹ̀. Bí èmi náà bá lọ, kò ní sí ẹni tó máa mọ̀ pé obìnrin kan ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ rí nílé wa. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, ọwọ́ mi kì í sì í yá lórí ìwé, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí mo bá gbé ilé pọ̀ rí tí mo gbàgbé orúkọ rẹ̀.

Ilé wa ní Ọ̀yọ́ kò tóbi púpọ̀. Yàrá mẹ́jọ ni, gbogbo wọn kọjú sí àgbàlá kan náà, páànù orí rẹ̀ sì ti pọ́n bí ẹni pé wọ́n fi osùn kùn ún. Bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́, ìró ìgbálẹ̀ Ìyá Àgbà ni màá kọ́kọ́ gbọ́, ṣáá, ṣáá, ṣáá. Lẹ́yìn náà ikọ́ Bàbá Ṣíttù tó jẹ́ olórí ilé. Lẹ́yìn náà ìkòkò ọṣẹ ìyá mi tó ń hó lórí ààrò. Ọṣẹ dúdú ni ìyá mi ń sè. Ó máa ń sun èèpo kòkó àti èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, á sẹ́ omi eérú rẹ̀, eérú tó bá ṣẹ́kù lẹ́yìn tó bá ti sẹ́ omi rẹ̀ tán la máa ń rù lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Oúnjẹ àárọ̀ wa kì í yí padà, ẹ̀kọ gbígbóná àti àkàrà bí ọwọ́ bá dẹ̀, ẹ̀kọ nìkan bí kò bá dẹ̀. Lámídì kì í jẹ́ kí n gbádùn tèmi. Bí mo bá ti yíjú báyìí, ìka rẹ̀ ti wà nínú abọ́ mi. Títí di ìsinsìnyí, bí mo bá gbé ẹ̀kọ síwájú, ọwọ́ òsì mi a ṣì máa bo abọ́ náà. Ọmọ ọmọ mi ní, "Ìyá, ta ló fẹ́ bá yín jẹ ẹ́?" Mo ní kò sí ẹnì kan.

Ní ẹ̀yìnkùlé yẹn ni igi ìyeyè ńlá kan wà, orí ìyeyè náà sì ni awùsá Ìyá Àgbà gùn. Ẹni tí kò bá mọ awùsá ju èyí tí wọ́n sè sínú abọ́ lọ lè rò pé igi tó ń dá dúró ni, bíi ti ọsàn. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ńṣe ló ń fà, igi mìíràn ló sì máa ń gùn lọ sókè. Ti Ìyá Àgbà ti pẹ́ débi pé ìdí rẹ̀ nípọn tó apá bàbá mi. Èso rẹ̀ a máa ní igun mẹ́rin, á kọ́kọ́ tutù bí ewé, bó bá gbó tán á dúdú, á sì já fúnra rẹ̀. Láti Ìkòyí-Ilé ni ìyá tó bí Ìyá Àgbà ti di irúgbìn rẹ̀ mọ́ ọn létí aṣọ nígbà tí wọ́n ń gbé e níyàwó bọ̀ wá sí Ọ̀yọ́. Nílé wa, gbogbo ẹbí ló ni ilẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbin igi ló ń kó èso rẹ̀. Nínú gbogbo ohun tó wà nínú ilé yẹn, láti orí páànù dé orí àpótí ìjókòó, awùsá yìí nìkan ni Ìyá Àgbà lè nawọ́ sí kó ní, "Tèmi nìyí."

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, mo ti ń lọ sí ọdún mẹ́wàá. Òjò rọ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n gbogbo awùsá tí a ṣà lábẹ́ igi náà kò kún apẹ̀rẹ̀ kan. Ti ọdún tó ṣáájú rẹ̀ náà kò dára. Ewé pọ̀ lórí rẹ̀ o, ó ṣú dùdù bí òrùlé, èso ni kò sí. Bàbá Ṣíttù wá síbẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó fi ọ̀pá gbá ìdí rẹ̀. Àbúrò bàbá bàbá mi ni Bàbá Ṣíttù. Òun àti Ìyá Àgbà fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ẹgbẹ́, ṣùgbọ́n inú ilé náà ni Ìyá Àgbà ti wá bá a, nítorí náà ọkọ rẹ̀ ni. "Ìyàwó" ló ń pè é títí àwọn méjèèjì fi hu ewú, Ìyá Àgbà náà kì í sì í kí i láìkúnlẹ̀.

"Ìyàwó," ó ní, "igi yìí ti ṣe tirẹ̀ tán. Ṣíttù fẹ́ gbé ìyàwó, kò sì sí yàrá. Mo fẹ́ gé òun àti ìyeyè, kí n kọ́ yàrá méjì síbẹ̀."

Ìyá Àgbà ti wà lórí ìkúnlẹ̀. "Ọkọ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi di òjò tó ń bọ̀."

"Kí ló máa ṣẹlẹ̀ nígbà òjò tó ń bọ̀?"

"Yóò so."

"Ta ló sọ fún ọ? Ṣé òun fúnra rẹ̀ ni?" Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Bàbá Ṣíttù náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó na ìka mẹ́ta sókè. "Apẹ̀rẹ̀ mẹ́ta. Apẹ̀rẹ̀ tí ẹ fi ń kó àgbàdo, kì í ṣe kékeré. Bí òjò bá dé tí n kò rí apẹ̀rẹ̀ mẹ́ta, n kò ní gbọ́ ẹ̀bẹ̀ mọ́."

"Bí kò bá pé mẹ́ta, èmi fúnra mi ni màá gbé àdá fún yín."

Ọ̀sẹ̀ kejì ni Ìyá Àgbà mú mi dání lọ sí Ìkòyí-Ilé lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Bàbá Àjàó, tó ń dá oko. Ògbómọ̀ṣọ́ la gbà lọ. A bá bàbá náà níwájú ilé, ó ń hun okùn. Lẹ́yìn tí wọ́n kíra tán, tí a mu omi, Ìyá Àgbà ro ẹjọ́ awùsá fún un bí ẹni tó ń ro ẹjọ́ ọmọ tí ara rẹ̀ kò yá. Bàbá Àjàó kò gbé ojú kúrò lára okùn.

"Kí lẹ máa ń dà sí ìdí rẹ̀?"

"Eérú. Ìyàwó Rájí ń se ọṣẹ. A ní kó lè máa lókun."

"Ẹ̀kúnwọ́ mélòó?"

"Kì í ṣe ẹ̀kúnwọ́. Agbọ̀n kan ni, bí ọṣẹ bá ti jinná."

Okùn bọ́ lọ́wọ́ bàbá náà. "Agbọ̀n! Láti ìgbà wo?"

"Ó tó ọdún mẹ́rin."

"Àṣàkẹ́, eérú díẹ̀ dára. Agbọ̀n fún ọdún mẹ́rin, ńṣe lẹ sin ín láàyè!"

Ó mú wa lọ sóko rẹ̀, ó fi tirẹ̀ hàn wá. Ìdí wọn mọ́, kò sí koríko, ewé gbígbẹ ni wọ́n kó jọ yí i ká, ṣùgbọ́n wọn kò jẹ́ kí ó kan ara rẹ̀. Ó ní kí n wo òkè. Mo wòkè, mo rí oòrùn. Ó ní ohun tí òun fẹ́ kí n rí gan-an nìyẹn. Bí igi tí awùsá gùn bá ṣíji bò ó, tàbí tí ẹ̀ka òun fúnra rẹ̀ bá lọ́ mọ́ra jù, ewé ni yóò máa fi gbogbo agbára rẹ̀ yọ. Ó ní kí a gé díẹ̀ lára ìyeyè kí ọyẹ́ tó mú dáadáa, kí a sì wá ìgbẹ́ àgùntàn tó ti gbẹ. Ohun tó sọ yẹn ni èmi náà sọ fún bàbá kan ládùúgbò wa ní Under G, nítòsí yunifásítì Ògbómọ̀ṣọ́, lọ́dún méjì sẹ́yìn, nígbà tó bi mí ìdí tí awùsá ilé rẹ̀ kò fi so mọ́. Ibẹ̀ ni mò ń gbé báyìí lọ́dọ̀ ọmọ mi. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ máa ń ra awùsá sísè lẹ́bàá ọ̀nà, wọ́n á jẹ ẹ́ tán, wọ́n á mu omi lé e, wọ́n á wá máa fajú ro pé omi korò. Kò sẹ́ni tó sọ fún wọn nílé pé kí wọ́n ní sùúrù díẹ̀ kí wọ́n tó mu omi.

Nígbà tí a ń padà bọ̀, Sábó ní Ògbómọ̀ṣọ́ la ti rí ìgbẹ́ àgùntàn. Màláàmù kan tó ń ta àgbò, Gàrbá lorúkọ rẹ̀, ní kí Ìyá Àgbà kó gbogbo èyí tó bá wù ú. Ó ní bó bá lè bá òun gbálẹ̀ ibẹ̀ lójoojúmọ́, òun á tún bá a wá àpò. Àpò ńlá kan la kó kún, a sì gbé e sábẹ́ ìjókòó nínú mọ́tò Ọ̀yọ́. A kò tíì rìn jìnnà tí obìnrin kan tó jókòó síwájú wa fi yíjú padà.

"Ìyá, ẹ má bínú, kí ló wà nínú àpò yìí?"

"Oúnjẹ ni."

"Oúnjẹ ta ló ń rùn báyìí?"

"Ti ọmọ mi kan tí ara rẹ̀ kò yá l'Ọ́yọ̀ọ́."

Dẹ́rẹ́bà dá sí i láti iwájú. "Màmá, ọmọ yín á yè, ṣùgbọ́n àwa kò ní débẹ̀ láàyè!"

Ìyá Àgbà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. N kò rí i kó rẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀ rí, n kò sì tún rí i mọ́.

Ohun tó ṣòro ni bí a ṣe máa sọ ọ̀rọ̀ eérú fún ìyá mi. Ìyá mi rò pé òun ló ń bọ́ igi náà. Ọdún mẹ́rin gbáko ló fi ń ru agbọ̀n yẹn, nígbà mìíràn tòun ti oyún, ó sì máa ń fi yangàn fún àwọn ìyàwó ilé pé òun kì í da eérú tòun nù sí ààtàn. Nígbà tí Ìyá Àgbà sọ ọ́, ìyá mi jókòó lé odó tó dojú dé.

"Ìyá, ṣé èmi ni mo wá ń pa igi yín?"

"Èmi náà wà ńbẹ̀ nígbà tí o ń dà á. Mo tiẹ̀ ń kí ọ kú iṣẹ́."

Ìyá mi kò rẹ́rìn-ín. Ó tó ọjọ́ mẹ́wàá tí kò bá Ìyá Àgbà sọ ju ẹ kú àárọ̀ àti ẹ kú alẹ́ lọ, tó sì ń gbé oúnjẹ rẹ̀ fún mi pé kí n lọ gbé e fún un. Ìyá Àgbà kò kà á sí. Ó ń fi ọkọ́ ha eérú náà kúrò nílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó ti gan bí ẹrẹ̀ ògiri tó ti gbẹ. Èmi àti Lámídì ń kó o sínú agbọ̀n, òun sì ń kìlọ̀ fún wa lóhùn jẹ́jẹ́ tirẹ̀ pé, "Ẹ rọra, òkè níbí ni gbòǹgbò rẹ̀ wà, kò wọlẹ̀ jìnnà." Lọ́jọ́ kọkànlá, nígbà tí mo jí, ìró ọkọ́ méjì ni mo gbọ́ lẹ́yìnkùlé. Ìyá mi ti pọn ọmọ ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn, ó ti ń bá a ha á. N kò mọ ohun tó parí ìjà náà, n kò sì bi wọ́n.

Múfú tó máa ń gun ọ̀pẹ ló bá wa gé òkè rẹ̀. Ó fi igbà rẹ̀ gun ìyeyè, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gé àfòmọ́ àti ẹ̀ka gbígbẹ, Ìyá Àgbà sì dúró nísàlẹ̀, ó ń fi ọ̀pá júwe fún un.

"Ìyá, ṣé kí n gé èyí tó nà sórí ilé Bàbá Ṣíttù?"

"Gé e kó má bàa dẹjọ́."

"Èyí tó lọ́ mọ́ra wọn yìí ńkọ́?"

"Fi ọwọ́ tú u ná. Èyí tó bá gbẹ nìkan ni kí o gé."

Múfú kò fi ọwọ́ tú u tó. Ó gé ọ̀kan tó tutù, ó nípọn tó ọmọ odó, omi sì ń kán lára rẹ̀. Nígbà tó fi di ọjọ́ kẹta, ìhà kan awùsá náà ti rọ pátá. Bàbá Ṣíttù gba ibẹ̀ kọjá, ó ní, "Ìyàwó, o ti bá mi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́." Ìyá Àgbà kò jẹun lọ́jọ́ yẹn. Mo gbé ọkà rẹ̀ lọ, mo tún gbé e padà bó ṣe wà.

Ọyẹ́ dé, ilẹ̀ gbẹ, kànga wa sì lọ sílẹ̀. Kò sí bí ẹnikẹ́ni ṣe máa pọn omi tó ń mu tán kó tún pọn ti igi. Nígbà náà ni Ìyá Àgbà ṣe ohun tí mo ṣì máa ń fi rẹ́rìn-ín. Ojúde ni àwọn ọkùnrin ilé wa ti máa ń ṣe àlùwàlá, lórí òkúta pẹlẹbẹ kan. Ó bá Bàbá Ṣíttù lọ, ó kúnlẹ̀, ó ní atẹ́gùn ojúde ti le jù fún ikọ́ rẹ̀, pé ẹ̀yìnkùlé ṣe jẹ́jẹ́. Bàbá Ṣíttù ní òótọ́ ni. Wọ́n gbé òkúta lọ sẹ́yìnkùlé, wọ́n gbé àwọn kẹ́tùrù tẹ̀lé e, ìdí ìyeyè gan-an sì ni Ìyá Àgbà ní kí wọ́n tẹ́ ẹ sí. Ó fi ọkọ́ la ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí omi máa gbà, ó fi ewé gbígbẹ bo ilẹ̀, ó wọ́n ìgbẹ́ àgùntàn sábẹ́ ewé náà. Ọkùnrin mẹ́fà, ẹ̀ẹ̀marùn-ún lójúmọ́. Ó tó oṣù kan kí Bàbá Ṣíttù tó wo ibi tí omi ẹsẹ̀ rẹ̀ ń ṣàn lọ. Ó dúró pẹ̀lú kẹ́tùrù lọ́wọ́, ẹsẹ̀ kan gbẹ, ẹsẹ̀ kan tutù.

"Ìyàwó! Èmi lo sọ di ẹni tó ń bomi rin igi tí mo fẹ́ gé?"

Ìyá Àgbà kúnlẹ̀ níbi tó ti ń ṣa ẹ̀wà. "Ẹ kú iṣẹ́, ọkọ mi."

Bàbá Ṣíttù kò gbé òkúta náà kúrò. Kò tíì ju ọjọ́ mélòó kan lọ lẹ́yìn náà tí òdòdó yọ, wẹ́wẹ́, tó funfun, ní ìhà tí Múfú kò gé. Ìyá Àgbà kìlọ̀ fún gbogbo ọmọ ilé pé ẹni tó bá ju òkò sókè yẹn, ọ̀dọ̀ òun ni kó ti wá gba ìyà rẹ̀. Nígbà tí èso sì jáde, kò gbà kí a fi ọ̀pá gbọ̀n ọ́n. Ó ní ẹni tó bá ń gbọ̀n awùsá ń já èyí tó gbó, ó sì ń já èyí tí kò gbó, ó tún ń ṣẹ́ ẹ̀ka tó máa so lọ́dún tó ń bọ̀. "Ẹ jẹ́ kó sọ̀ fúnra rẹ̀" ni ọ̀rọ̀ rẹ̀. A ń dúró. Òjò bẹ̀rẹ̀, awùsá sì ń sọ̀. A máa wà nínú ilé, a ó gbọ́ gbì, Lámídì á ti sáré jáde.

Apẹ̀rẹ̀ kìn-ín-ní kún kí oṣù kìn-ín-ní òjò ńlá tó parí. A ń kó o jọ kí èèpo rẹ̀ rà, a ń fọ̀ ọ́, a ń sá a. Ìgbà tí èkejì kún ni Ìyá Àgbà dùbúlẹ̀. Àyà ló ń dùn ún, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì wú. Bàbá mi gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà, wọ́n fún un lóògùn, wọ́n ní kó sinmi. Ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ni mò ń jókòó sí tí mo bá ti dé láti iléèwé. Kì í bi mí nípa ìwé. "Sàúdá, ó sọ̀ mélòó lónìí?" Màá sọ fún un. Nígbà mìíràn mo máa ń fi méjì mẹ́ta kún un. Mo rò pé ó mọ̀.

Ọjọ́ tí apẹ̀rẹ̀ kẹta kún, ìyá mi ló gbé e, kì í ṣe sọ́dọ̀ Ìyá Àgbà, ọ̀dọ̀ Bàbá Ṣíttù ló gbé e lọ tààrà. Ó gbé e kalẹ̀ níwájú rẹ̀, ó kúnlẹ̀. Bàbá Ṣíttù ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀ títí dé ìsàlẹ̀ bóyá ewé ni wọ́n fi tẹ́ abẹ́ rẹ̀. Kò rí ewé. Ó dìde, ó lọ sí yàrá Ìyá Àgbà, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Ìyàwó, ẹ̀gbẹ́ ojúde ni màá kọ́ yàrá Ṣíttù sí." Ìyá Àgbà fẹ́ dìde kúnlẹ̀, kò lè ṣe é. Bàbá Ṣíttù ní, "Jókòó jẹ́jẹ́." Ó yára kúrò níbẹ̀.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni Ìyá Àgbà pe èmi àti ìyá mi. Ó ní, "Bí mo bá kú, wọ́n á fẹ́ ṣe mí lóore. Wọ́n á ní kí n sùn sábẹ́ awùsá mi. Ẹ má gbà fún wọn. Gbòǹgbò ni wọ́n á gé." Ìyá mi ní kó má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́. Ó ní, "Mo ti sọ ọ́."

Ó kú lọ́jọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn ìrun àsùbáà. Àwọn obìnrin wọ yàrá láti wẹ̀ ẹ́, ìyá mi wà nínú wọn. Èmi jókòó nínú àgbàlá, mo sì gbọ́ ìró ọkọ́ lẹ́yìnkùlé. Mo sáré lọ. Bàbá mi àti Ṣíttù ló ń gbẹ́ ilẹ̀, ní ìdí ìyeyè, Bàbá Ṣíttù dúró tì wọ́n, ó ń sunkún láìfi ọwọ́ nu ojú. "Igi rẹ̀ ni," ó ń wí, "igi rẹ̀ ni. Níbẹ̀ ni kó wà." Ilẹ̀ náà kò tíì jìn dé orókún, ṣùgbọ́n mo rí gbòǹgbò kan tí ọkọ́ ti bó lára, ó funfun.

Mo ní, "Bàbá, Ìyá Àgbà ní kí ẹ má gbẹ́ ẹ síbẹ̀."

Bàbá mi ní, "Sàúdá, wọlé lọ."

"Wọ́n ní gbòǹgbò ni ẹ máa gé."

"Mo ní kí o wọlé!"

Mo wọlé lóòótọ́, mo lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá tí wọn kò jẹ́ kí ọmọdé wọ̀, mo sì ń pe ìyá mi títí ó fi jáde. Ọwọ́ rẹ̀ tutù dé ìgbúnwọ́. N kò tíì sọ ọ̀rọ̀ náà tán tó ti ń lọ. Kò bá bàbá mi sọ̀rọ̀, ẹsẹ̀ Bàbá Ṣíttù ló kúnlẹ̀ sí, lórí erùpẹ̀ tí wọ́n kó jáde.

"Bàbá, iṣẹ́ tí wọ́n rán mi ni. Wọ́n ní kí n má gbà fún yín."

"Wọ́n ní kí o má gbà fún mi?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Bàbá Ṣíttù kọjú sí Ṣíttù àti bàbá mi. "Ẹ da erùpẹ̀ náà padà. Ẹ fi ọwọ́ dà á, ẹ má fi ọkọ́."

Iwájú yàrá Ìyá Àgbà ni wọ́n gbẹ́ sàréè rẹ̀ sí, ní ẹ̀gbẹ́ ti bàbá bàbá mi. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ la sin ín.